Ilẹ̀kùn Ṣáájú Ògiri
Ẹni tó bá fẹ́ fi yàrá kún ilé, ilẹ̀kùn ni kó kọ́kọ́ yàn, kí bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù. Mo tún un sọ: ilẹ̀kùn ṣáájú ògiri. Ẹsẹ̀ bàtà 3 ni ìbú ilẹ̀kùn yàrá tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ bi káfíńtà dáadáa: ṣé ti ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni, àbí ti ihò ògiri? Férémù á jẹ díẹ̀ lápá ọ̀tún, á jẹ díẹ̀ lápá òsì. Ibẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì ti ń há sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn kan á ní ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ. Èmi ò gbà. Ibẹ̀ gan-an la ti máa ń di àgbàlagbà lápá mú wọlé. Bí àyè bá há, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí síta. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú sínú, kò ní dí ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á là. Ẹ ní owó ńkọ́? Fífọ́ ògiri tí a ti rẹ́ tán ló ń náni lówó jù. Ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, kí ẹ wọn ilẹ̀kùn tòun ti férémù, kí ẹ tó pe bíríkìlà.