NÍGBÀ TÍ OLÓRIN BÁ DÁKẸ́: OHÙN GÌTÁ, FÈRÈ ÀTI ÌLÙ NÍNÚ ORIN WA

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, Ikpoba Hill, Benin City)

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n mú ohun tí mo mọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ mi ni pé mo ń tún rédíò àti ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin ṣe. Ikpoba Hill níbí ni mo ti ń ṣe é láti 1981, kò jìnnà sí Ramat Park. Bí mo bá tún ẹ̀rọ kan ṣe tán, mo gbọ́dọ̀ fi orin dán an wò. Ohùn akọrin nìkan kò tó fún ìdánwò. Ibi tí akọrin bá ti dákẹ́, tí gìtá kan tàbí fèrè kan tàbí ìlù kan gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ibẹ̀ ni sípíkà tí kò dára yóò ti tú ara rẹ̀ fó. Fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, ibi wọ̀nyẹn ni etí mi ti gbọ́ jù lọ nínú orin. Àwọn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí: èyí tí mo fẹ́ràn, àti ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kan sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kí n tó jókòó.

GÌTÁ ỌMỌ BENIN

Ẹni tí ó bá jẹ iyọ̀ ìlú ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kí ìlú. Nítorí náà, ti Sir Victor Uwaifo ni mo fi ṣáájú. Ìlú yìí ni a bí i sí ní 1941, ó sì papò dà ní oṣù kẹjọ 2021, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ayàwòrán ni ó kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ní Yaba ní Èkó, ó sì ṣiṣẹ́ àwòrán ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ní àárín àwọn ọdún 1960 ni ó dá ẹgbẹ́ Melody Maestros sílẹ̀. Orin rẹ̀ "Joromi" ni ó gba àwo wúrà fún ní 1966.

Ẹni tí ó bá rí Uwaifo lórí ìtàgé yóò sọ nípa gìtá ọlọ́rùn méjì rẹ̀ tí ń yí bí òbírí, yóò sì sọ bí ó ṣe ń fi ahọ́n ta okùn gìtá. Kì í ṣe ìyẹn ni mo rí nínú ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí àwo kì í fi ahọ́n hàn. Ohun tí mo gbọ́ ni gìtá kan tí kò kánjú. Ó sọ gbólóhùn kan, ó mí, ó sì sọ òmíràn. Uwaifo fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé òun rí bí àwọ̀ inú aṣọ Akwete, tí àwọn obìnrin Igbo ń hun, ṣe bá ohùn orin mu, ó sì fi orúkọ aṣọ náà pe ọ̀kan nínú àwọn ìlù ijó rẹ̀. Bí mo bá ń gbọ́ gìtá rẹ̀, mo máa ń rántí ìyẹn: òwú kan ń wọlé, òwú kan ń jáde, kò sì sí èyí tí ó lọ́ mọ́ra.

Gìtá náà rìn jìnnà. Ìyókù orin rẹ̀ tí a kì í gbàgbé ni "Guitar Boy". Nígbà tí àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti fi ìbọn gba ìjọba ní Ghana ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 1967, "Operation Guitar Boy" ni orúkọ tí wọ́n fún ètò wọn. Èmi kò gbóríyìn fún ìbọn, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí orúkọ orin ọmọ Benin dé.

Kí n má sì gbàgbé ọmọ Ẹdó kejì, Osayomore Joseph. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ tí à ń pè ní flute wọ inú hailáìfù, nígbà tí trumpet àti saxophone gba gbogbo ààyè. Bí fèrè náà bá wọlé, ó dà bí ẹni pé ọmọdé kan sọ òótọ́ láàrin àgbà.

ÀWỌN TI ILÉ

Nínú tiwa, I. K. Dairo ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó kú ní 1996. Òun ni ó gbé àkọ́díọ̀nù, dùùrù tí à ń fà tí à ń tì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, wọ inú jùjú, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní oyè MBE ní 1963. Àkọ́díọ̀nù rẹ̀ kò ju ẹni tí ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" lọ lẹ́yìn orin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ilé ti ṣófo.

Èkejì ni gòjé nínú sákárà Yusuf Olatunji, tí ó kú ní 1978. Okùn kan ṣoṣo ni gòjé ní, irun ìrù ẹṣin ni a sì fi ń fà á. Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé ó ń han bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. Mo ní kí wọ́n dúró kí wọ́n tó ogójì ọdún, kí wọ́n wá tún un gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni saxophone Fela. Igo Chico ni ó ń fọn ọ́n nínú ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó kúrò ní 1973, Fela, tí dùùrù àti trumpet jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ní òun fúnra òun yóò kọ́ ọ. Nínú "Gentleman", tí ó jáde ní ọdún kan náà, òun ni ẹ ń gbọ́. Ìfọnfèrè náà kò dán bí ti ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ibì kan há, ibì kan le. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ ni ó ṣe ń fi fèrè sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ àti ìjà. Ẹni tí ó ti dàgbà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ohun kan lè rí ìwúrí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni gìtá onírin ti Demola Adepoju nínú ẹgbẹ́ King Sunny Ade. Ẹ lọ gbọ́ àwo "Juju Music" tí Island Records gbé jáde ní 1982. Gìtá yìí kì í wà ní àyà bí ìyókù. Ó wà nílẹ̀ bíi tábìlì, a sì máa ń fi irin yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Nítorí pé irin náà ń yọ̀, ohùn náà lè gùn òkè tàbí kí ó rọra sọ̀kalẹ̀ láìjá, gẹ́gẹ́ bí ohùn Yorùbá ti ń ṣe lẹ́nu wa. Amẹ́ríkà ni irú gìtá yìí ti gbajúmọ̀, nínú orin àwọn darandaran wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá gbà á, ó sì kọ́ ọ ní èdè ilé. Nígbà tí Paul Simon ń ṣe àwo "Graceland" tí ó jáde ní 1986, Adepoju ni ó pè láti wá ta gìtá náà nínú orin tí àwo náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

ÌLÙ TÍ Ó SỌ̀RỌ̀, ÀTI IRỌ́ TÍ MO PA

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn mí.

Ní nǹkan bí 1988, bàbá ọmọ Ẹdó kan tí ó jẹ́ aládùúgbò mi máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ìrọ̀lẹ́. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ní ọjọ́ kan, "Joromi" ń lọ lọ́wọ́. Bàbá ṣàlàyé fún mi pé gídígbò ni Joromi ń jà, títí ó fi lọ bá àwọn ẹ̀mí jà ní ìlú wọn. Ó sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú mi sì dùn pé mo ti mọ ohun tí gìtá yẹn ń bá rìn.

Lẹ́yìn náà mo gbé àwo jùjú kan sí i. Olórin dákẹ́, gángan gba ọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ọ́ lọ. Bàbá gbé etí sókè. Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní ìlù yín máa ń sọ̀rọ̀. Kí ni èyí ń sọ?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, n kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Yorùbá pátápátá ni mí, mo ti lu àwo náà ju ìgbà igba lọ, mo sì máa ń mi orí sí i. Ojú tì mí. Mo ní, "Bàbá, ó ń yin Ọlọ́run ni." Bàbá ní ó dára. Irọ́ ni mo pa.

Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún, mo gbé káséẹ̀tì orin náà lọ bá àgbà onílù kan ní ìlú wa, ọmọ Àyàn gidi. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí ìlù sọ ni òwe tí gbogbo yín mọ̀: ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. Ó ní ohun kejì, orúkọ ọlọ́lá kan ni ó ń pè, ó ń rọ̀ ọ́ pé kí ó náwó. Nígbà tí ó dé ìkẹta, ó dákẹ́. Ó ní, "Oríkì ìdílé kan ni. Kì í ṣe ti agbègbè wa. Àwọn tí ó ni ín ni yóò mọ̀ ọ́n."

Ó wá ṣàlàyé ohun tí n kò rò rí. Ìlù kò ní ẹnu láti pe "b" tàbí "k". Ohùn nìkan ni ó ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Bí onílù bá fún ọsán mọ́ abẹ́ apá rẹ̀, awọ á le, ohùn á gòkè. Bí ó bá tú u sílẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Bí ó bá wá lu ohùn àárín kan àti ohùn òkè kan, ó lè jẹ́ "ilé", ó lè jẹ́ "owó", ó sì lè jẹ́ "igbá". Ta ni yóò mọ ìyàtọ̀? Ìdí nìyí tí onílù kì í fi lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Òwe odindi tàbí oríkì odindi ni yóò lù, èyí tí etí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlàjì ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ onílù, ìlàjì yòókù wà nínú olùgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ìlàjì orin yẹn wà nínú wa. Bí àwa kò bá mọ òwe náà mọ́, àwo kò fọ́, ẹ̀rọ kò bàjẹ́, sípíkà ń dún kedere, síbẹ̀ orin náà ti kú. N kò lè tún irú ìyẹn ṣe ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Kí n tó padà dé láti ilé, ara bàbá aládùúgbò mi kò yá mọ́, wọ́n sì ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. N kò rí i mọ́. N kò rí àyè tún irọ́ náà ṣe. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọmọbìnrin mi, tí a bí sí Ikpoba Hill níbí, tí ó gbọ́ Ẹdó àti Píjìn ju Yorùbá lọ, jókòó sí àpótí kan náà, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ìkẹta, mo ní, "Èyí, n kò mọ̀ ọ́n." Ó ní, "Dádì, ta ló máa wá mọ̀ ọ́n?"

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Èkíní: ní àpèjẹ wa, bí olórin bá dákẹ́ tí ìlù gba ọ̀rọ̀, ìgbà yẹn ni alága ètò máa ń gba makirofóònù láti kéde nọ́ńbà mọ́tò tí ó dí ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí mọ́tò dúró díẹ̀. Ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Èkejì: ẹgbẹ́ wa ń san owó fún DJ lọ́dọọdún. N kò ní kí a má pè é. Ṣùgbọ́n kí a pe onílù kan pẹ̀lú, kí ó sì lo wákàtí kan pẹ̀lú àwọn ọmọ wa kí ijó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ó lu òwe márùn-ún péré. Ọmọ tí ó bá mọ márùn-ún yóò béèrè ìkẹfà.

Ẹ̀kẹta: fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Ẹ gba oríkì ìdílé yín sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tí ó kù. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí ó mọ ìkẹta orin mi wà nínú gbọ̀ngàn yìí.

Mo ti gbé àwo náà wá lónìí, ẹ̀rọ sì wà lórí tábìlì níwájú. Bí a bá jẹun tán, n ó lù ú. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ súnmọ́ tòsí, ẹ gbọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ilé tí ìlù náà ń kì, kí ó sọ ọ́ sókè kí ọmọ mi gbọ́.