Táyà Tó Lè Gba Oòrùn àti Òjò Ọ̀tà

 

Bí ẹ bá dé ìsọ̀ táyà ní Sango, wọn á ní: "Èyí gba gbogbo ojú ọjọ́." Ẹ bi wọ́n pé ojú ọjọ́ ilẹ̀ wo? Àmì òkè àti yìnyín tó wà lára rẹ̀, ti yìnyín òyìnbó ló ń sọ, kò sọ ti ooru. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ TEMPERATURE sí: A ló ń fara da ooru jù. Ní ti òjò, ilà ojú táyà ló ń lé omi jáde. Bí rọ́bà bá ti jẹ dé orí àwọn kókó kéékèèké inú ilà náà, ó ti tán.

Èyí tó ká mi lára jù ni ọjọ́ orí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń parí ọ̀rọ̀ DOT: 2319 ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Lọ́dún 2016, mo ra tòkunbọ̀ méjì, wọ́n dúdú kòròkòrò, ilà wọn sì jìn. N kò wo nọ́ńbà. Ọ̀kan bẹ́ nítòsí Tollgate, àwa mẹ́rin tí a ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ la wà nínú mọ́tò. Ọlọ́run ló yọ wá. Ìgbà tí mo tẹ̀ ba wò ó, 07 ló parí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé owó oṣù kò ká tuntun mẹ́rin, pàápàá láti 2008 tí Dunlop ti ṣíwọ́ ṣíṣe táyà n'Ìkejà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa máa yá ni lówó táyà. Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wo tirẹ̀, kí ó gbé mọ́tò wá sẹ́nu géètì lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán.