Ṣé Ọkọ̀ Ojú Irin Máa Ń Fa Èèyàn Mọ́ra?

 

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni a máa sọ lónìí. Ojú irin kan ti Kútọ̀nú wá, ó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ó dé Paraku. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 438 kìlómítà. Ọkọ̀ akérò kò rìn níbẹ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n irin ṣì wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń ṣòwò lọ sí Nàìjíríà náà ń pàdé ọkọ̀ ojú irin lọ́hùn-ún. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ tuntun ti ń gba Abẹ́òkúta kọjá láàrin Èkó àti Ìbàdàn. Wọ́n ṣe é kó lè sáré tó 150 kìlómítà ní wákàtí kan.

A máa ń gbọ́ pé: “Má dúró létí ojú irin o, ọkọ̀ á fà ọ́ mọ́ra.” Àwọn kan ní ohun abàmì kan wà nínú irin náà. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, wọ́n á sì lọ dúró sétí rẹ̀ gbágbáágbá. Èwo ni òótọ́?

Ẹ jẹ́ ká wo atẹ́gùn. A kì í rí i, ṣùgbọ́n ó kún ibi gbogbo. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá sáré kọjá lójú ọ̀nà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ni ẹ máa ń rí? Eruku àti ewé gbígbẹ á dìde, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e. Kò sí okùn tó so wọ́n mọ́ ọkọ̀. Atẹ́gùn ló ń wọ́ wọn lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀ ojú irin. Bí orí rẹ̀ bá dé, atẹ́gùn á kọ́kọ́ ti èèyàn sẹ́yìn. Lójú ẹsẹ̀, á tún fà á síwájú. Bí ara ọkọ̀ ṣe ń kọjá, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń bá a sáré lọ. Bí ọkọ̀ bá kọjá tán, atẹ́gùn ṣì ń jà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ dán èyí wò ní kíláàsì. Ẹ mú tákàdá méjì, kí wọ́n kọjú síra, kí àyè ìka méjì wà láàrin wọn. Ẹ fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn gba àárín wọn. Ẹ ó rò pé wọ́n á ya kúrò lára ara wọn. Rárá o! Ńṣe ni wọ́n á sún mọ́ra. Ibi tí atẹ́gùn bá ti ń sáré, kì í lè ti nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn ìta tó dúró jẹ́ẹ́ á wá ti tákàdá wọlé. Kò sí oògùn níbẹ̀, kò sí òòfà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n tákàdá fúyẹ́, èèyàn wúwo. Ọkọ̀ tó ń rọra rìn kò lè fi atẹ́gùn gbé àgbàlagbà ṣubú. Eré ló ń yí ọ̀rọ̀ padà. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára atẹ́gùn rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 2 × 2 = 4. Bí ọkọ̀ kan bá ń sáré 30 kìlómítà ní wákàtí kan, tí òmíràn bá ń sáré 120, eré èkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Agbára atẹ́gùn rẹ̀ á di ìlọ́po 16, nítorí 4 × 4 = 16. Nítorí náà, kí ẹni tó ti mọ ọkọ̀ àtijọ́ má fi ojú yẹn wo ọkọ̀ tuntun.

Ọkọ̀ tó kó ẹrù tún ń da atẹ́gùn rú ju ọkọ̀ akérò tí ara rẹ̀ ń dán lọ. Ní ọdún 2016, ní ibùdókọ̀ Twyford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, atẹ́gùn ọkọ̀ ẹrù tó ń kọjá sún àga oníkẹ̀kẹ́ kan, pẹ̀lú ẹni tó jókòó sínú rẹ̀, títí ó fi kan ara ọkọ̀ náà.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń tajà, ẹ gbọ́ o. Bí atẹ́gùn bá gbá atẹ lórí, ọwọ́ á nà láti gbá a mú, ara á sì tẹ̀ síhà ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ewu wà. Atẹ ṣeé rà, ẹ̀mí kò ṣeé rà.

Atẹ́gùn nìkan kọ́ ni ewu. Ní ojú irin Ṣábẹ̀ẹ́, mítà kan ló wà láàrin irin méjèèjì. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yọ kọjá irin lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá fi irin díwọ̀n ibi tó dúró sí, ọkọ̀ lè gbá a. Ọkọ̀ tó kó ẹrù, tó sì ń sáré, lè rìn tó kìlómítà kan kó tó dúró. Bí awakọ̀ bá tiẹ̀ rí yín, kò ní lè dúró lẹ́sẹ̀ kan náà.

Kí ni ká ṣe?

1. Ká fi ìgbésẹ̀ ńlá mẹ́rin, ó kéré tán, jìnnà sí irin bí ọkọ̀ bá ń bọ̀.
2. Bí wọ́n bá fa ìlà sílẹ̀ ní ibùdókọ̀, ká dúró lẹ́yìn ìlà náà.
3. Ká di ọwọ́ ọmọdé mú. Ká so ìborùn àti aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.
4. Ká sọ ẹrù orí kalẹ̀ títí ọkọ̀ á fi kọjá.
5. Bí nǹkan bá bọ́ sójú irin, ká má lé e.

Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà: ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọkọ̀ ojú irin kò ní ọwọ́ tó fi ń fa èèyàn, ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ lágbára. Ẹni tó bá jìnnà sí i ló máa délé. 

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ewé gbígbẹ fi ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀?
2. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìlọ́po mélòó ni agbára atẹ́gùn rẹ̀ máa dì?
3. Kí ni ẹ máa sọ fún ọmọ tó ń ṣeré létí ojú irin?