Àwọn Fíìmù Ìlú Ìbàdàn àti Àwa Tí A Ni Wọ́n

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa

Ohun ayọ̀ ni ó jẹ́ fún àwa ọmọ ìgbìmọ̀ tí ẹ yàn ní èṣí pé a tún fojú kan ara wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ rán wa kò tíì parí.

Iṣẹ́ náà nìyí: pé kí a wá gbogbo fíìmù tí a ti yà ní ìlú yìí, tàbí tí ó sọ ìtàn ìlú yìí, kí a mọ ibi tí wọ́n wà, kí a sì wá ọ̀nà tí a ó máa gbà fi wọ́n han àwọn ènìyàn wa. Nígbà tí a kọ́kọ́ dá àbá yìí, àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ojú ọ̀nà bàjẹ́, omi ẹ̀rọ kò yọ, sinimá ni Ẹgbẹ́ wá ń wá kiri. A kò bá wọn jà, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ròyìn ohun tí ojú wa rí nínú agboolé kan ní ìsàlẹ̀ ìlú, kí ẹ lè mọ ohun tí kò jẹ́ kí a dá iṣẹ́ náà dúró.

Ọmọkùnrin kan mú agolo fíìmù kan tọ̀ wá wá. Bàbá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé bá ìjọba ṣiṣẹ́ nídìí mọ́tò sinimá nígbà ayé àwọn Òyìnbó. Agolo náà ti dípẹtà. Abẹ́ ibùsùn ni ó wà, láàárín àwọn bàtà àlòkù, láti ọdún tí ẹnikẹ́ni kò kà. Nígbà tí a ṣí i, òórùn bí ti ọtí kíkan ni ó kọ́kọ́ kí wa. Fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irú èyí tí a ń pè ní 16mm, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 400. Bí ẹ̀rọ bá sì yí i, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà, ó nù ún mọ́, ó sì dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà. Kò ní ohùn rárá. Ọjà ni ó wà nínú rẹ̀, àti àwọn ènìyàn tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Mápó, àti àwọn ọmọdé tí ń sá tẹ̀lé ẹni tí ń ya àwòrán.

A ta aṣọ funfun sára ògiri agboolé náà ní alẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn ọ̀dọ́ ni a rò pé yóò fẹ́ràn rẹ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó kan, tí wọ́n gbé àga fún ní iwájú, ni ó ṣàdédé na ọwọ́ nígbà tí fíìmù dé ìdajì. Ó ní, “Ẹ dá a dúró. Ìyá mi nìyẹn. Ìyá mi tí ó ru àgbọ̀n nìyẹn.” Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò ní àwòrán rẹ̀ kankan lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a yí fíìmù náà padà fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá, ó ti dárúkọ ènìyàn méje, ó ti sọ agboolé tí olúkúlùkù ti wá, ẹni tí ń ta èlùbọ́ àti ẹni tí ó jẹ gbèsè èlùbọ́ tí kò san án títí ó fi kú. Gbogbo agboolé ń rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn sì ń nu ojú.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún yín. A kò mú ìwé dání. A gbé ẹ̀rọ lọ, a gbé aṣọ funfun lọ, a gbé jẹnẹrétọ̀ àti epo rẹ̀ lọ. Ìwé àti kálámù ni a gbàgbé. Nígbà tí a padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, márùn-ún ni ìyá wa rántí nínú àwọn méje náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti bi í lẹ́yìn èyí, kò sì yí padà. Àwọn méjì yẹn ṣì wà nínú fíìmù: ọ̀kan jẹ́ obìnrin tí ó pọn ọmọ, èkejì jẹ́ ọkùnrin tí ó dúró tí ó ń wò wá tààrà. Ẹnì kan mọ orúkọ wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan, a sì wà níbẹ̀, a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti yé wa pé kì í ṣe ohun tí ó wà nínú agolo nìkan ni ó ń bàjẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa bi wá léèrè pé èwo ni à ń pè ní fíìmù Ìbàdàn. Ní 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò máa ṣe fíìmù fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, mọ́tò sinimá sì bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri ìlú àti abúlé, ó ń kọ́ àwọn baba wa ní ìmọ́tótó àti ìtọ́jú oko. Ní 1956, Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, ó dé Ìbàdàn, àwọn ayàwòrán sì tẹ̀ lé e. Ní 1958, ilé-iṣẹ́ epo British Petroleum gbé fíìmù kan jáde tí ó ń jẹ́ Three Roads to Tomorrow, nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbéra láti apá mẹ́ta orílẹ̀-èdè yìí wá sí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ayé ìgbà náà, ohùn Òyìnbó ni ó ń ṣàlàyé, àwọn tí à ń wò kì í sì í sábà ní orúkọ. “Obìnrin ọlọ́jà kan”, “ìjòyè kan”, ó parí. Ẹ̀yin mọ́gàjí tí ẹ wà níhìn-ín mọ̀ pé kò sí oyè kan ní Ìbàdàn tí ó ń jẹ́ “Ìjòyè Kan”.

Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹwàá 1959 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Agodi. Gbogbo wa ni a máa ń fọ́nnu pé òun ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Mòrókò ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1954, Àlùjéríà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1956, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a ti orí ìyẹn ba ìpàdé jẹ́. Ohun tí ó dùn mọ́ àwa nínú jù ni pé olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí, òǹkọ̀wé ńlá nì, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí títo fíìmù àti títọ́jú rẹ̀ sì wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹnì kan ti mọ̀ pé ó yẹ kí fíìmù ní olùtọ́jú. Síbẹ̀ tẹ́ẹ̀pù wọ́n púpọ̀ nígbà náà, káàkiri ayé ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì ti ń pa eré àná rẹ́ láti fi tẹ́ẹ̀pù kan náà gba eré òní. Ọ̀pọ̀ eré ni wọ́n tilẹ̀ ṣe tí a ń wò ó lójú ẹsẹ̀, tí kò sì wọ inú tẹ́ẹ̀pù kankan.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn eléré tíátà wa bọ́ sí ojú sinimá. Ìwé eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn gidi, kọ, ni Bánkọ́lé Béllò sọ di fíìmù ní 1981, tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá sì kópa nínú rẹ̀. Ìyálóde wa tí wọ́n rọ̀ lóyè, tí wọ́n sì pa ní 1874 ni ìtàn náà dá lé. A bèèrè ní ìpàdé ẹ̀ka kan pé kí àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí wọ́n sì ti rí fíìmù yìí lára aṣọ funfun, na ọwọ́. Ọwọ́ mẹ́ta ni a kà.

Bí a bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni fíìmù, tàbí àwọn ọmọ wọn, ilẹ̀kùn kì í tètè ṣí. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ẹ rántí olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn gbé orúkọ rẹ̀ dé ilé gbogbo. Ní 1982 ni fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru jáde. Kí ó tó rí owó rẹ̀ kó, àwọn olè ti dà á kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ ọ̀gá lọ́rùn. Ẹni tí ó rí irú èyí kì yóò fi agolo rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́ nítorí pé àlejò náà wọ agbádá Ẹgbẹ́. Nítorí náà ni a fi kọ ìwé àdéhùn, tí agbẹjọ́rò kan nínú wa yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́: fíìmù jẹ́ ti olówó rẹ̀, ẹ̀dà tí a bá ṣe kò sọ Ẹgbẹ́ di olówó, a kò ní gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ, bí a bá sì gba owó lẹ́nu ọ̀nà, òun ni yóò kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Mẹ́rin nínú àwọn tí ó ti lé wa tẹ́lẹ̀ ni ó ti pè wá padà.

Ẹ̀yin tí irú nǹkan yìí bá wà nílé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sún un sórí àjà lábẹ́ páànù. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá fíìmù. Òórùn ọtí kíkan tí a sọ lẹ́ẹ̀kan jẹ́ àmì pé fíìmù náà ti ń jẹ ara rẹ̀. Yóò súnkì, yóò ká kò, yóò sì máa kán. Èyí tí ó ń rùn báyìí a máa ba èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́, bí ọsàn kan tí ó rà ṣe ń ba odidi apẹ̀rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ àtijọ́ dán an wò, nítorí eyín ẹ̀rọ náà lè fà á ya. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kò sàn jù ú lọ: ó máa ń bu, ẹ̀rọ tí ó sì lè kà á ti ń ṣọ̀wọ́n lọ́jà.

A dé ọ́fíìsì kan tí a kò ní dárúkọ. A ti gbọ́ pé fíìmù wà níbẹ̀. Akọ̀wé tí a bá níbẹ̀ sọ fún wa pẹ̀lú ọ̀yàyà pé àwọn ti gbá yàrá náà mọ́. Àwọn tí ń ra irin àlòkù ni ó wá kó o. Agolo ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì da ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sí ààtàn.

Ọkàn wa ì bá ti rẹ̀wẹ̀sì bí kì í bá ṣe ti ìròyìn fíìmù Shaihu Umar, tí Adamu Halilu yà ní èdè Haúsá ní 1976 láti inú ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ. Wọ́n ti rò pé ó sọnù. Ní 2016 ni wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ìjọba ní Jos, wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. Bí tiwọn bá lè jí, a kò rí ìdí tí a ó fi sin tiwa láìwá a.

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Láti 2010 ni wọ́n ti gbé ìwé àkójọ àwọn fíìmù ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ fíìmù tí ó wà nínú rẹ̀ ju 6,000 lọ, díẹ̀ sì ni ènìyàn lè wò láti ilé. Àwọn ìyókù wà nínú àwọn ilé ìpamọ́ ibẹ̀, bí British Film Institute. Ẹ wá orúkọ ìlú yìí nínú ìwé náà. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n bá gbà kí ẹ wò, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa. A kò rán yín ní ìjà. Ẹ bèèrè ẹ̀dà fún wa, kí ẹ sì sọ fún wọn pé àwa náà ní ohun tí a ó fi san án: a lè fún wọn ní orúkọ àwọn tí ó wà nínú fíìmù wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a yà ni ó yẹ fún ojú gbogbo ènìyàn. Ohun tí a yà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ awo, tàbí níbi òkú ẹbí kan, ó ní àwọn tí ó ni í. Àwọn ọ̀dọ́ ìgbìmọ̀ fẹ́ kí a fi gbogbo rẹ̀ hàn. Àwọn àgbà fẹ́ kí a jó òmíràn níná. Ibi tí a fẹnu kò sí ni pé mọ́gàjí agboolé tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò kọ́kọ́ wò ó. Bí ó bá ní kí a má fi í hàn, a ó pa á mọ́ láìfi í hàn. Sísun kò sí nínú àdéhùn.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni a ó máa ṣe nínú ohun gbogbo: ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀ka wa lẹ́yìn odi, kí iná tàbí àgbàrá kan má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 27 Oṣù Kẹwàá ni UNESCO yà sọ́tọ̀ káàkiri ayé fún ìrántí irú ogún yìí, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìmọ̀ràn lórí ìpamọ́ fíìmù ní 1980. Ní ọjọ́ náà lọ́dún yìí, bí òjò bá gbà fún wa, a ó ta aṣọ funfun ní gbangba gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́. Kò sí owó ẹnu ọ̀nà. Ẹ mú àwọn àgbà ilé yín wá. Àga iwájú jẹ́ tiwọn, kí ọ̀dọ́ kankan má sì jókòó sí i.

Fíìmù ọjà yẹn ni a ó kọ́kọ́ fi hàn. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ obìnrin tí ó pọn ọmọ náà, tàbí ọkùnrin tí ń wò wá, kí ó pariwo, a ó dá ẹ̀rọ dúró. A ti ra ìwé, a sì ti ra kálámù.