Ìyá Tí Ó Rí Ọmọ Rẹ̀ Lẹ́yìn Ọdún 25
(Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí Akọ̀wé sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ ìyànjú díẹ̀. Èmi kì í ṣe pásítọ̀, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí mo mọ̀ ni n ó sọ.

Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n jẹ gbèsè àjọ. Ojú ń tì wọ́n, wọn ò wá sí ìpàdé mọ́. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ bá mi mú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìyá kan wà láyé àtijọ́, Àfàlá lorúkọ rẹ̀, ní ìlú Òṣoògùn. Ní 1821 ogun kó ìlú náà. Wọ́n kó ìyá yìí lẹ́rú tọmọtọmọ, wọ́n sì pín wọn níyà. Àjàyí ọmọ rẹ̀ ò tíì bàlágà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ayé sú ọmọ náà débi pé ó rò ó láti pa ara rẹ̀. Àwọn Potogí rà á, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ló ti kàwé, tó mọ Jésù, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Òun náà ni Àjàyí Crowther tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tó ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa.

Ṣùgbọ́n ti ìyá rẹ̀ ni mo ń sọ. Ọdún 25 ni ò fi fojú kan ọmọ yìí. Ní oṣù kẹjọ 1846, Àjàyí ti di àlùfáà, ó dé Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ kan, ìyá yìí wá bá a. Ara ìyá ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọn ò lè sọ̀rọ̀, omijé ń dà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìgbà kékeré pe ọmọ rẹ̀. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó sì ń jẹ́ Hánà.

Ẹ má gbọ́ ọ pé onígbàgbọ́ kì í jìyà o. Ìyá àgbà wọn kú sóko ẹrú, kò rójú ọjọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tí ìyà ń jẹ, ẹ má sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni.

Èmi náà, òjò ba àpò ẹ̀lùbọ́ 14 jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́dún kan. Owó àjọ ni mo fi rà á. Mo tilẹ̀kùn mọ́rí. Mo gbàdúrà títí, ẹ̀lùbọ́ ò padà dára. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àdúrà mi látẹ̀yìnwá, bí ẹni ń nájà ni: Olúwa, fún mi ní tibí, n ó fún ọ ní tọ̀hún. Lọ́jọ́ náà mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi nájà. Mo kàn sunkún níwájú rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá olórí àjọ, mo sọ òtítọ́. Kóńgò kọ̀ọ̀kan ni mo fi tún bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2 ni mo fi san án tán.

Nítorí náà, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹ wá. A ó jọ sọ iye tí apá yín ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, ẹni kẹ́ni má kọrin òwe fún wọn tí wọ́n bá dé o. Ẹ̀yin Àlájà wa, ọ̀rọ̀ yìí ò yọ yín sílẹ̀. Ọlọ́run ń tu èèyàn nínú, ọwọ́ èèyàn ló sì máa ń lò.

Olúwa á bá wa gbé e. Ọjà á tà o. Àmín.