Bí Ìlú Ṣe Ń Rajà, àti Ohun tí Ó Kan Àwa Alájẹṣẹ́kù

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀kọ́

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó yíyá tàbí ti èlé tí ẹ ti mọ̀ mọ́ wa. Ọ̀rọ̀ ọjà rírà ni, ọjà tí ìjọba ìlú ń rà ní orúkọ gbogbo wa. Àga àti tábìlì ilé-ìwé, oògùn ilé ìwòsàn, ọkọ̀ tí ń kó ìdọ̀tí, òkúta àti ọ̀dà títì, aṣọ iṣẹ́ àwọn agbálẹ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé: káńsù kò ṣe ọ̀kankan nínú wọn fúnra rẹ̀, rírà ni ó ń rà wọ́n. Owó tí ó sì fi ń rà wọ́n, láti ara owó orí, owó ìsọ̀, owó láísẹ́ńsì, àti ìpín tí ó ń ti àpò ìjọba àpapọ̀ wá ni. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Bí káńsù bá ṣe ìràkurà, àwa ni òkò náà bà.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí gbà kan àwa alájẹṣẹ́kù. Èkíní, àwa ni olówó. Èkejì, a ní ohun tí a lè tà fún ìlú: gààrí, ẹ̀wà, epo, ẹyin, aṣọ rírán, iṣẹ́ káfíńtà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ọ̀nà tí ó wọ ibẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí ìlú ṣe ń rajà kò lè bá ìlú wí, kò sì lè tajà fún un.

Ohun kan tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ ilé ni èyí: ọjà rírà kì í ṣe ọjọ́ tí a san owó nìkan. Ibi tí owó ìlú ti ń ṣòfò jù wà ṣáájú ọjọ́ náà, ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

Kí ni a nílò?

Ẹni tí kò wo inú àká kí ó tó lọ sí ọjà yóò ra ohun tí ó ní nílé, yóò sì gbàgbé ohun tí kò ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà yóò rántí ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì ọdún 1975. Owó epo ń wọlé nígbà náà, ìjọba ológun sì ń kọ́lé, ó ń la títì. Wọ́n wá ṣe àdéhùn sìmẹ́ǹtì tí ó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù pẹ̀lú àwọn oníṣòwò òkè òkun. Ohun tí èbúté Èkó lè já lọ́dún kéré jìnnà sí i. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n tò sójú òkun títí tí wọ́n fi ju 400 lọ, sìmẹ́ǹtì ni ó sì wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba ń san owó ìdúró fún ọkọ̀ tí kò rí ibi já ẹrù sí, ọ̀rinrin òkun sì ń ba sìmẹ́ǹtì jẹ́ nínú àpò. Nígbà tí ìjọba dá owó dúró, àwọn oníṣòwò gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù, ẹjọ́ Trendtex àti Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1977 sì ti inú rẹ̀ jáde.

Kì í ṣe ọ̀wọ́n àpò sìmẹ́ǹtì kan ni ó dá gbèsè yẹn sí wa lọ́rùn. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí ó ṣáájú: Mélòó ni a nílò? Ìgbà wo ni a nílò rẹ̀? Níbo ni a ó kó o sí? Ìbéèrè kan náà ni ti káńsù. Káńsù tí ó fẹ́ ra àga 1,000 fún ilé-ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka àwọn ọmọ, kí ó ka àga tí ó ti ṣẹ́ tí káfíńtà ṣì lè tún ṣe, kí ó tó kọ iye kankan sínú ìwé.

Ta ni ó gbọ́?

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ ohun tí a nílò, gbogbo ẹni tí ó lè tà á ni ó yẹ kí ó gbọ́. Ní 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ọjà rírà fún ìjọba, Ààrẹ Umaru Yar'Adua sì fi ọwọ́ sí i ní oṣù kẹfà ọdún náà. Ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ni òfin náà dè. Àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe tiwọn, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2011. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan béèrè òfin ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí òfin 2007 là sílẹ̀ yẹ kí gbogbo wa mọ̀, nítorí òun ni a lè fi wọn ti ọ̀dọ̀ wa.

Òfin náà ní kí wọ́n kéde iṣẹ́ tàbí ọjà tí gbogbo ará orílẹ̀-èdè lè du, lára pátákó ìkéde àti nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán, kí ọ̀sẹ̀ 6 sì wà láti ọjọ́ ìkéde sí ọjọ́ tí ìwé yóò wọlé. Ó ní kí wọ́n ṣí àwọn àpòòwé ní gbangba, níwájú àwọn tí ó du iṣẹ́ náà àti ará ìlú tí ó bá fẹ́ wá wò ó. Wọn yóò ka orúkọ olúkúlùkù àti iye owó tí ó dá sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ará ìlú lè wá jókòó. Mélòó nínú ẹgbẹ́ wa ni ó ti rán ènìyàn lọ jókòó rí?

Òfin náà tún ka ẹ̀tàn kan sí ẹ̀ṣẹ̀: kí a gé iṣẹ́ ńlá kan sí wẹ́wẹ́ kí ó má baà tó iye owó tí ó yẹ kí a kéde, kí a sì yọ́ pín in fún ọ̀rẹ́ àti ìbátan. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá dájú ní kóòtù lábẹ́ òfin náà yóò pàdánù iṣẹ́, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 5 sì ń dúró dè é, láìsí pé ó lè fi owó ìtanràn gba ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ kì í ṣe ọ̀wọ́n, ọ̀wọ́n kì í ṣe dáradára

Àwọn kan rò pé kí káńsù ṣá ti gbé iṣẹ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni òfin náà wí. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù nínú àwọn tí ọjà wọn bá ohun tí a kọ sílẹ̀ mu ni ó ní kí a gbé e fún. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe é. Bí àga kan bá jẹ́ ₦20,000 tí ó sì ṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 2, ₦10,000 ni a ń san lọ́dún lórí rẹ̀. Bí òmíràn bá jẹ́ ₦30,000 tí ó sì lo ọdún 6, ₦5,000 péré ni lọ́dún. Èwo ni ó wọ́n nínú méjèèjì?

Ṣùgbọ́n a kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀: igi wo, ó nípọn tó mélòó, ìṣó ni tàbí bóòtì, ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá yẹ̀ láàárín ọdún kan. Bí ìwé bá sọ pé "àga tí ó dára" lásán, kò sí àga tí kò dára lẹ́nu ẹni tí ó ń tà á.

Ta ni ó gbà á wọlé?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníkòkó ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́. Ẹni tí ó ń wọn kòkó, ẹni tí ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, àti ẹni tí ó ń san owó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí ní káńsù. Ẹni tí ó pàṣẹ ọjà kọ́ ni yóò gbà á wọlé, ẹni tí ó gbà á wọlé kọ́ ni yóò sì kọ sọ̀wédowó. Olùtọ́jú ilé ẹrù gbọ́dọ̀ ka ẹrù lójú ẹni tí ó kó o wá, kí ó fi í wé ìwé àṣẹ, kí àwọn méjèèjì fi ọwọ́ sí i. Bí àpò 200 bá wà nínú ìwé tí 180 sì wọlé, 180 ni kí a kọ. Ibi tí a bá ti kọ 200 ni olè ti bẹ̀rẹ̀, bí ìkéde tí a ṣe ṣáájú tilẹ̀ dára bí oyin. Òfin 2007 tún ní kí wọ́n tọ́jú ìwé ọjà kọ̀ọ̀kan fún ọdún 10. Iṣẹ́ ayẹ̀wé-owó-wò kò lè lọ láìsí ìwé.

Ìgbà wo ni a ó san án?

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti dun àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké jù. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé káńsù kan ń gba gààrí àpò 200 lóṣooṣù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, tí kò sì san owó oṣù kọ̀ọ̀kan títí oṣù 3 yóò fi kọjá. Kí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó wọlé, gààrí àpò 600 ti wà lọ́wọ́ káńsù. Òógùn ojú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni. Wọn yóò ra ẹ̀gẹ́, wọn yóò ra igi, wọn yóò san owó ọkọ̀, láti inú àpò ara wọn. Oníṣòwò ńlá lè fara dà á. Ẹgbẹ́ kékeré yóò tú ká.

Òfin 2007 sọ pé owó tí ó bá ti ju ọjọ́ 60 lọ láti ìgbà tí a mú ìwé owó wá ti di owó tí a fà sẹ́yìn, èlé sì gbọ́dọ̀ gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye èlé tí a bá kọ sínú àdéhùn ni. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi ọwọ́ sí àdéhùn tí kò dárúkọ èlé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ẹ̀tọ́ náà nù. Káńsù tí ó sì ń fi owó falẹ̀ ń ṣe ara rẹ̀ ní ibi, nítorí àwọn tí ó ń tajà fún un yóò fi owó ìdúró kún iye ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ìlú ṣe lè rà lọ́wọ́ ẹgbẹ́

A kò sọ ohun tí kò ṣeé ṣe. Ìlú Belo Horizonte ní Bràsíìlì, tí ènìyàn inú rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì lọ, dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1993, nígbà tí Patrus Ananias ń ṣe olórí ìlú náà, láti mójú tó oúnjẹ ará ìlú. Oúnjẹ ilé-ìwé wà lára iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fún àwọn àgbẹ̀ àyíká ní ibi tí wọ́n ti ń tajà tààrà fún ará ìlú. Ní 2009, òfin orílẹ̀-èdè náà wá sọ pé ó kéré tán ìdá 30 nínú 100 owó oúnjẹ ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ìlú gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ìdílé àti àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Onímọ̀ oúnjẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí àwọn ọmọ yóò jẹ, ó wo ohun tí ó ń hù ní àyíká. Wọ́n wádìí iye tí ó ń lọ lọ́jà, wọ́n sì kọ iye owó sínú ìkéde. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wá mú ìwé wá láti sọ iye tí wọ́n lè kó wá àti àkókò tí wọn yóò kó o wá. Wọn kò fi àgbẹ̀ du ara wọn títí wọn yóò fi tà á ní gbàǹjo.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí wọ́n pè ní O'Meals kalẹ̀ ní 2012, ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016, lórí èrò pé kí oúnjẹ àwọn ọmọ ti oko àyíká wá.

Ẹnì kan lè béèrè pé: bí káńsù bá pín ọjà sí kéékèèké kí ẹgbẹ́ lè rí i tà, ṣé kì í ṣe gígé sí wẹ́wẹ́ tí òfin kọ̀ ni? Kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí òfin kọ̀ ni èyí tí a gé ní kọ̀rọ̀ kí a má baà kéde. Bí a bá kéde gbogbo rẹ̀ pọ̀ lójú gbogbo ènìyàn, tí a ní ẹni tí ó lè kó ìdá kan wá kí ó wá, ẹni tí ó lè kó gbogbo rẹ̀ wá kí ó wá, ọ̀nà ni a là fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èyí ni kí a máa bá àwọn káńsẹ́lọ̀ wa sọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ètò ìṣúná.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ wa

Èkíní, kí ìwé ẹgbẹ́ pé: ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìwé owó tí ayẹ̀wé-owó-wò ti fi ọwọ́ sí, ìwé owó orí. Ìwé tí kò pé ni ó ń lé ẹgbẹ́ sẹ́yìn kí ọjà rẹ̀ tó dé ojú ẹnikẹ́ni.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ yan ènìyàn méjì tí yóò máa wo pátákó ìkéde káńsù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí yóò sì máa lọ jókòó níbi tí wọ́n bá ti ń ṣí ìwé.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe ìlérí tí àká wa kò lè gbé. Bí àpò 50 ni agbára wa, kí a wá ẹgbẹ́ mẹ́ta mìíràn kí a jọ kó 200. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹ̀kẹrin, kí ọjọ́ owó àti èlé wà nínú àdéhùn, kí a sì gba ìwé tí a fi ọwọ́ sí ní gbogbo ìgbà tí a bá kó ẹrù lọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀gúnjẹ. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ nípa ẹ̀gúnjẹ yóò yọ owó náà nínú ọjà, ọmọ ilé-ìwé ni yóò sì jẹ gààrí tí ó kan.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí a wo ilé ara wa. Ẹgbẹ́ wa náà ń rajà: ajílẹ̀, ìrẹsì ọdún, àgbò Iléyá, ẹ̀rọ ìlọgààrí. Ṣé a ń ka ohun tí a nílò? Ṣé a ń béèrè iye lọ́wọ́ ju ẹnì kan lọ? Ṣé kì í ṣe ọmọ ìgbìmọ̀ kan ni ó ń pàṣẹ ọjà, tí ó tún ń tà á fún wa? Ìràkurà tí a ń bá káńsù wí, kí a má ṣe bá a nínú ìwé owó wa.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Owó ìlú kò ní ẹ̀ṣọ́ mìíràn tí ó ju ojú àwa tí a ni ín lọ.