Ọjọ́ ìgbìn kọ́ ni iṣẹ́

Igbó Ọmọ nípìnlẹ̀ Ògùn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, níbi tí èmi àti ẹgbẹ́ kan ti ń lọ gbin igi láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Èkó lọ sí Bìní ti kọjá nítòsí ẹ̀, bóyá ó ń sùn ni. Láti ọdún 1977 ni UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí ayé dáàbò bò. Erin ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, erin.

Àmọ́ apá ibi tí àwa ti ń ṣiṣẹ́ kò jọ igbó mọ́. Àwọn agégẹdú ti kó èyí tó lówó lórí lọ, àwọn àgbẹ̀ kòkó sì wọlé lẹ́yìn wọn. Níbòmíì, gmelina ló kún ibẹ̀, èyí tí ìjọba gbìn nítorí iléeṣẹ́ bébà Ìwòpin. Igi ni gmelina lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú igi kan ṣoṣo tó tò bíi ṣọ́jà kì í ṣe igbó lójú tèmi. Igi ilẹ̀ wa la ń gbìn: afàrà, ìdígbó, ọ̀pẹ̀pẹ̀, ìrókò.

Ìrókò yẹn ló ń dá wa lágara jù. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn ẹ̀mí tó ń gbé inú ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé kòkòrò kékeré kan lè ṣẹ́gun rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbin ìrókò nìkan sínú oòrùn gbangba, kòkòrò yẹn á bo ewé rẹ̀, kókó á so sí i lára, orí rẹ̀ á sì kú. Ìdí nìyẹn tá a fi ń gbìn ín sáàárín igi mìíràn, kó rí ibòòji díẹ̀.

Ọjọ́ ìgbìn máa ń dùn. Oṣù Kẹfà ni, òjò ti ń rọ̀, bọ́ọ̀sì kún, fóònù ń ya fọ́tò. A gbẹ́ ihò, a ya náílọ́ọ̀nù kúrò lára gbòǹgbò, a tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn, ó tán. Nígbà tó máa fi di oṣù Kẹjọ, koríko tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn míì ń pè ní ewé Awólówọ̀ (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òṣèlú kún un), ti bo gbogbo ẹ̀. Èèyàn mélòó ló gbé àdá padà lọ? Méje. Ọdún méjì tàbí mẹ́ta la ó sì fi máa ro ìdí igi wọ̀nyí kí wọ́n tó lè dá dúró.

Bàbá kan tó ń dá kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bi mí pé, “Ọmọ mi, tí igbó yín bá padà, ibo lẹ ní kí èmi ó gbà?” Mi ò ní èsì fún wọn. Mo kàn sọ pé afàrà ń ṣe ibòòji fún kòkó. Wọ́n gba mẹ́rin lọ́wọ́ wa, wọ́n gbìn ín sínú oko wọn. Títí di báyìí, wọn ò tíì gé ọ̀kankan nínú tiwa. Wọ́n ń ṣọ́ mi, èmi náà ń ṣọ́ wọn.

Sátidé tó ń bọ̀ la tún ń lọ ro, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, torí tí iná bá ràn mọ́ koríko gbígbẹ, kò ní yọ ọmọ igi sílẹ̀. Ẹ wọ bàtà òjò àti ṣòkòtò gígùn, kẹ́ ẹ gbé omi dání. Àdá wà lọ́dọ̀ wa.